Ìkòkò bàbà, ọtí rọ́ọ̀mù àti iyùn òkun Florida: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wa

Ohun tí a fẹ́ ṣe

Iṣẹ́ yìí kò tíì parí, àmọ́ ó ti dé ibi tó yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlòmíràn tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ lè rí nǹkan mú lò. Ilé ìpọntí kékeré kan wà ní agbègbè Homestead, ní gúúsù Miami, tí mò ń bá ṣe iṣẹ́ páìpù àti irin jíjó. Ìyá àgbà kan, ọmọ Kúbà, ló ni ín. Ìyá fẹ́ kí a máa se ọtí rọ́ọ̀mù kan tí apá kan owó rẹ̀ yóò máa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún iyùn gbìn sínú òkun ní Florida Keys, àwọn erékùṣù kéékèèké tó wà ní ìdí Florida. Ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀ wà lọ́wọ́ Ìyá. Mo tètè sọ èyí nítorí pé ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ń se ọtí líle láìgba àṣẹ lọ́wọ́ TTB, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí owó orí ọtí àti tábà, ẹ̀wọ̀n ló ń fà lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ gbé e ka iná lẹ́yìnkùlé yín.

Ìyá pè mí pé kí n wá kan ìkòkò. Mo ní kí a kọ́kọ́ ṣe gọ́tà. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àkọsílẹ̀ yìí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọtí tó bá ní òun fẹ́ ran iyùn lọ́wọ́, ibi tí omi ìdọ̀tí rẹ̀ ń ṣàn gbà ni kí a kọ́kọ́ bi í, kí a tó bi í ní iye tó fẹ́ fi tọrẹ.

Iyùn náà àti ohun tó ṣe é

Iyùn tí mò ń sọ yìí yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ọba wa ń fi sọ́rùn. Iyùn pupa ti ọrùn ọba, Òkun Mẹditaréníà ni wọ́n ti ń wá a láti ayébáyé. Ti Florida ń gbé nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí kò jìn, tí oòrùn ń wọ̀ dé ìsàlẹ̀. Ẹranko kéékèèké ni wọ́n, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lójú kan, tí wọ́n ń mú ẹfun jáde láti ara wọn fi kọ́ ilé. Ewé kan tí ojú lásán kò lè rí ń gbé nínú ẹran ara wọn. Òun ló ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ fún wọn, òun náà ló fún wọn ní àwọ̀. Bí omi bá fi 1°C péré gbóná ju bó ṣe máa ń gbóná tó nígbà ooru, tí ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iyùn yóò lé ewé yìí jáde, yóò sì funfun báláú. Kò tíì kú nígbà náà o, ebi ló ń pa á. Bí omi bá tètè tutù, ó lè yè é.

Lọ́dún 2023, omi kò tètè tutù. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje, ẹ̀rọ ìwọ̀n tó wà ní Manatee Bay ka 38.4°C. Manatee Bay kì í ṣe orí àpáta iyùn, ọ̀sà tí kò jìn ni, ṣùgbọ́n nǹkan ò dára lórí àpáta iyùn gan-an náà. Ní Sombrero Reef, Coral Restoration Foundation, ẹgbẹ́ tó ń tún iyùn gbìn ní Key Largo, ròyìn pé iyùn tí àwọn bá níbẹ̀ ti kú tán. Àwọn òṣìṣẹ́ ń kó èyí tó kù nínú ọgbà abẹ́ omi jáde wéréwéré, wọ́n ń gbé wọn lọ sínú táńkì lórí ilẹ̀. Ìwádìí tó jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Science lọ́dún 2025 sọ bí ó ṣe rí lẹ́yìn rẹ̀: iyùn méjì tó dà bí ìwo àgbọ̀nrín, àwọn tó ti ń kọ́ àpáta yẹn láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ìdá 98 sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló kú ní Keys àti Dry Tortugas. Láti 2006 ni òfin Amẹ́ríkà ti kà wọ́n mọ́ ohun alààyè tó wà nínú ewu.

Mo kọ èyí kí ẹ lè mọ bí ohun tí a fẹ́ fowó ràn lọ́wọ́ ṣe tó. Ní oṣù Kejìlá 2019 ni NOAA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí òkun àti ojú ọjọ́, gbé ètò Mission: Iconic Reefs kalẹ̀ fún ojú àpáta iyùn méje, láti Carysfort títí dé Eastern Dry Rocks, pé kí iyùn tó bo ojú àpáta kúrò ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún kí ó di 25. Ètò yẹn ń lọ. Ooru 2023 ti mú kí wọ́n tún un rò, irú iyùn tó lè fara da ìgbóná ni wọ́n ń wá báyìí, àmọ́ wọn kò dáwọ́ dúró.

Ìgbóná ayé, ilé ìpọntí kan kò lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n ìgbóná nìkan kọ́ ló ń bá iyùn jà. Brian Lapointe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harbor Branch, Florida Atlantic University, fi ọgbọ̀n ọdún wọn omi Looe Key, àpáta iyùn kan ní Keys, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2019: náítírójìn tó ń ṣàn wá láti orí ilẹ̀ ń pọ̀ sí i, ó sì ń sọ iyùn di aláìlera tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè fara da ooru àti àrùn. Àwọn ará Keys alára mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ná owó ńlá láti sé àwọn ṣalángá àti kòtò ìdọ̀tí ilé wọn, tí wọ́n so ilé wọn mọ́ páìpù ìdọ̀tí ìlú. Ìpínlẹ̀ fún wọn títí di ìparí 2015 láti parí rẹ̀. Ẹni tó gbé irú owó bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ nítorí omi tirẹ̀, ìwọ kò lè wá da gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ọtí sí i lórí kí o sì ní o ń ràn án lọ́wọ́.

Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀

Molásísì ni rọ́ọ̀mù ti ń wá, ìyẹn omi dúdú tó ki, tó ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ṣúgà kúrò nínú oje ìrèké. Bí ẹ bá po molásísì mọ́ omi, tí ìwúkàrà jẹ ṣúgà inú rẹ̀ tán, ẹ ó ní omi ọtí tí ọtí gidi inú rẹ̀ tó bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìkòkò wa ń gba 400 lítà. Ọtí gidi tó wà nínú 400 lítà yẹn kò ju 36 lọ. Ẹ se é lẹ́ẹ̀kan, ẹ gba bí 110 lítà jáde, ó ku 290 lítà nínú ìkòkò: òun ni mò ń pè ní gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀. Ó dúdú, ó ń ta ẹnu bí ọtí kíkan tó pẹ́, ó gbóná bí omi híhó, gbogbo ohun tí ìwúkàrà kò lè jẹ sì wà nínú rẹ̀: pótásíọ̀mù, náítírójìn, òkú ìwúkàrà, àwọ̀ ìrèké.

Àwọn tó ń tọ́jú omi ní òṣùwọ̀n kan: iye ọ́síjìn tí kòkòrò tín-tìn-tín yóò lò kí wọ́n tó jẹ ìdọ̀tí inú lítà omi kan tán. Fún omi ìdọ̀tí ilé, ó wà láàárín mílígíráàmù 200 sí 300. Fún gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ molásísì, ó lè kọjá 30,000. Ẹ wò ó bí ìgbọ̀nsẹ̀ ọgọ́rùn-ún ilé tí ẹ kó sínú dúróòmù kan.

Ìyá kò kọ́kọ́ gbà pé ó burú tó bẹ́ẹ̀, nítorí ìrèké ni, oúnjẹ ni. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó kàwé kẹ́mísírì ní Ìbàdàn, tó ń bá wa wo ìwúkàrà, gbé ìgò oníhò-gbòòrò méjì wá. Ó bu omi kánàlì sínú méjèèjì, lítà kọ̀ọ̀kan. Ó fi ọ̀pá ìwọ̀n ọ́síjìn sí wọn: méjèèjì ka mílígíráàmù 8 dín díẹ̀ nínú lítà kan. Ó wá bu síbí kékeré kan gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti tutù sínú ọ̀kan. Omi náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí àwọ̀ padà, ó kàn pọ́n díẹ̀ bíi tíì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ju ewé sí. Ó dé méjèèjì pa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìgò tí a kò fọwọ́ kàn ṣì ń ka 7 lé. Èkejì kò tó 1. Ẹja kankan kò lè mí nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Ìyá wo ìgò náà títí, wọ́n sì ní kí n lọ ra simẹ́ńtì.

Kì í ṣe àbá lásán la ń bẹ̀rù. Ní erékùṣù St. Croix, ọ̀kan nínú Virgin Islands ti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọdún ni omi gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ rọ́ọ̀mù fi ń ṣàn sínú òkun ní etí gúúsù, tí ojú omi ń pọ́n; ní 1983 pàápàá, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà yọ̀ǹda fún rọ́ọ̀mù ilẹ̀ Virgin Islands kúrò lábẹ́ apá kan òfin omi mímọ́. Bràsíìlì gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìrèké ṣe epo ọkọ̀, tí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ń pa ẹja odò, ìjọba wọn fòfin dè é ní 1978 pé kò gbọdọ̀ wọ odò mọ́. Inú oko ìrèké ni wọ́n ń dà á padà sí, nítorí pótásíọ̀mù inú rẹ̀. Ti Bràsíìlì ni mo fẹ́ kí a wò kọ́ṣẹ́.

Gọ́tà kí ó tó kan ìkòkò

Òkúta ẹfun tó kún fún ihò ni ilẹ̀ Homestead. Ohun tí ẹ bá dà sílẹ̀ níbẹ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ ló ń bá lọ, láti ibẹ̀ ó di Biscayne Bay. Nítorí náà dída sí oko tààrà bíi ti Bràsíìlì kò bá wa mu. Ohun tí a ṣe nìyí.

A tún ilẹ̀ iyàrá ìkòkò dà pẹ̀lú kọnkéré, a jẹ́ kí ó dagẹ̀rẹ̀ sí ojú kan ṣoṣo, a sì dí ihò àtijọ́ tó ń lọ sínú páìpù ìdọ̀tí ìlú pa. Kò sí omi kankan nínú iyàrá yẹn tó lè jáde láìgba inú táńkì wa kọjá. Ohun tó ń bọ́ sílẹ̀, ohun tó ń kún àkúnwọ́sílẹ̀, omi tí a fi ń fọ ilẹ̀, ibì kan náà ni gbogbo wọn ń lọ.

Páìpù ìdí ìkòkò ni mo lo àkókò lé lórí jù. Páìpù PVC funfun tí gbogbo ayé ń lò kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀: tí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá ti kọjá 60°C, ó ń rọ̀, oríkèé rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ń jáde ní nǹkan bí 98°C. Irin tí kì í dípẹtà ni mo lò láti ẹnu fáàfù títí dé ibi tí yóò ti tutù. Ibi ìtutù yẹn ni inú mi dùn sí jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Páìpù méjì ni, ọ̀kan nínú èkejì. Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbóná ń gba inú kọjá, omi tútù tí a fẹ́ fi po molásísì míì ń gba ìta bọ̀ láti òdìkejì. Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ń jáde ní bí 45°C, omi ìpò sì ń jáde ní gbígbóná tó fi jẹ́ pé molásísì ń yọ́ sínú rẹ̀ láìjẹ́ pé a tan iná sí i. Gáàsì tí a ń jó dín kù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ẹnu páìpù méjèèjì, tí ọ̀kan gbóná tí èkejì lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo mọ̀ pé ó ti ṣiṣẹ́.

Ẹ fi ìdè tó ṣeé tú sí gbogbo oríkèé rẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ara irin, ó ń di èépá líle bí ìsàlẹ̀ ìkòkò àmàlà, ẹ ó sì ní láti tú u fọ̀ lóòrèkóòrè.

Láti ibẹ̀ ó ń wọ táńkì tí àgò irin yí ká, tó ń gba 1,000 lítà. Bí ìdá mẹ́rin rẹ̀, a ń yọ ọ̀kan sọ́tọ̀ padà sínú molásísì tí a ń pò lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ará Jàmáíkà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́: ó ń fún rọ́ọ̀mù ní òórùn èso, ó sì ń jẹ́ kí omi tí a ń pò kan tó bí ìwúkàrà ṣe fẹ́ ẹ. Èyí tó kù la ń fún ní ẹfun, irú èyí tí wọ́n fi ń kun ilé, díẹ̀díẹ̀, títí kíkan rẹ̀ yóò fi kúrò ní pH 4.5 tí yóò fi dé 7.

Ẹ̀gbọ́n kì í jẹ́ kí n dá a ṣe. “Àbúrò, wọ awò ojú rẹ. Ẹfun yìí kò mọ ọmọ ẹni.”

“Mo ti wọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá mi ka pH yẹn kí n tó ṣí fáàfù.”

“Ó ku díẹ̀. Máa rò ó. Bó bá yá jù, ó máa hó dà sílẹ̀.”

Òótọ́ ni, ó ń hó bíi ọṣẹ. Táńkì gbọ́dọ̀ ṣófo dé ìdajì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó bá sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àti omi orí rẹ̀, òkìtì pàǹtí igi la ń bu méjèèjì lé. Àwọn tó ń gé igi etí títì máa ń wá ibi tí wọ́n ó da pàǹtí igi wọn sí, a gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Orí kọnkéré tó ní etí yíká ni òkìtì wà, òrùlé sì bò ó, nítorí òjò Florida láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹwàá kì í ṣe òjò eré. Pàǹtí igi ń fa omi náà mu, kòkòrò inú rẹ̀ ń jẹ ẹ́, àárín òkìtì ń gbóná dé 60°C, omi ń fẹ́ lọ. Bí a kò bá yí i kí afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀, ó ń rùn. Bí a bá yí i, òórùn igbó lẹ́yìn òjò ló ń ní. Àwọn àgbẹ̀ mángòrò àti píà ló ń kó o. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pótásíọ̀mù.

Ìkòkò fúnra rẹ̀

Irin tí kì í dípẹtà ni ara ìkòkò, bàbà ni orí rẹ̀ àti apá tí ooru ń gbà kọjá. Bàbà kò sí níbẹ̀ fún ẹwà. Ìwúkàrà máa ń mú sọ́fọ̀, ìyẹn imí ọjọ́, jáde, òórùn rẹ̀ bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ojú bàbà ló ń gbà á mú kí ó tó dé inú ìgò. Mi ò fi iná kan ìdí ìkòkò tààrà, nítorí molásísì ń jó mọ́ ìsàlẹ̀ kíá, ọtí á sì máa rùn bí ṣúgà tó jóná. Awọ irin méjì ni ìdí rẹ̀, ooru omi híhó ń kún àárín wọn.

Mo dàgbà sí ilẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí ògógóró ti ń jáde láti inú dúróòmù epo, tí páìpù bàbà ń la ọpọ́n omi kọjá. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ pọ̀, mo sì ń lò ó títí dòní: bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ohùn ìkòkò láti mọ̀ pé iná ti pọ̀ jù, bí wọ́n ṣe ń fi ìka pa ọtí wò. Ohun kan tí n kò mú wá láti ibẹ̀ ni òjé tí wọ́n fi ń lẹ páìpù pọ̀. Òjé májèlé ni, ọtí gbígbóná sì ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Fàdákà tí kò ní òjé nínú ni mo fi lẹ gbogbo ojú bàbà. Ẹ gbọ́dọ̀ fọ ojú méjèèjì dé ibi tó ń dán, kí ẹ fi ìpara ìlẹ̀ pa á, kí ẹ wá mú bàbà gan-an gbóná títí yóò fi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́; fàdákà yóò dédé sáré wọ inú oríkèé fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń yọ́ fàdákà náà pẹ̀lú iná, tí kò mú bàbà gbóná, orí lásán ló máa lẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà a fi omi lásán sè é, a fi ọṣẹ híhó pa gbogbo oríkèé wò. Ọrùn ìkòkò ń yọ afẹ́fẹ́ níbì kan. Rọ́bà ìdè rẹ̀ ló tinrín, mo pààrọ̀ rẹ̀ sí ti PTFE, èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Teflon. Ooru ọtí tó bá ń jáde níbi tí iná wà kì í ṣe ohun àmúṣeré. A tún fi omi àti ọtí kíkan sè é, ká tó wá se ọtí àkọ́kọ́ tí a dà nù gbogbo rẹ̀, tó kàn wà láti fọ inú bàbà. Èyí tí a dà nù náà, inú òkìtì ló lọ.

Omi tó ń mú ooru ọtí tutù di omi, a kò fà á láti ẹnu ẹ̀rọ kí a sì jẹ́ kí ó máa ṣàn lọ. Táńkì omi kan, pọ́ǹpù kan àti rédíétọ̀ ńlá pẹ̀lú fáànù lẹ́yìn ilé: omi kan náà ló ń yí po. Nígbà ooru, rédíétọ̀ nìkan kò tó ní ọ̀sán, nítorí náà òru la máa ń se ọtí ní oṣù Keje àti Kẹjọ.

Ọtí

Ìwúkàrà ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní nǹkan bí 30°C, Florida sì fún wa ní ìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Tí ọtí bá ti dákẹ́ tí kò hó mọ́, a ń sè é lẹ́ẹ̀kan, a ń kó èyí tó jáde jọ, a sì ń tún un sè lẹ́ẹ̀kejì. Ìsè kejì yìí ni ojú ti ń là. Ọtí hó ní 78.4°C, omi ní 100, ṣùgbọ́n wọn kò ya ara wọn sílẹ̀ gédégbé. Ohun tó ń kọ́kọ́ jáde, tó ń rùn bí ohun tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, la ń pè ní orí. A yọ ọ́ sọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ni àárín, tó mọ́, tó ń dùn ní ọ̀fun bí ìrèké tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Ìdí ló kẹ́yìn, tó ń rùn bí páálí tó tutù. Ẹ̀gbọ́n ń kó wọn sínú ife gíláàsì tẹ̀léra, a sì ń tọ́ wọn wò pẹ̀lú omi ní ọjọ́ kejì, nígbà tí imú ti sinmi.

Ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ohun tí ẹ ń fún ènìyàn mu. Ní 2015, májèlé mẹ́tánọ́ọ̀lù inú ọtí pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Òde-Ìrèlé, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò sì jìnnà sí ilé wa. Molásísì kì í fi bẹ́ẹ̀ mú mẹ́tánọ́ọ̀lù jáde, síbẹ̀ gbogbo ìsè la ń fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò kí ó tó wọ ìgò.

Òfin ní rọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ wọ ìgò ní ìsàlẹ̀ 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Tiwa jẹ́ 43. Funfun ni, kò tíì rí inú àgbá igi, nítorí ọtí inú àgbá kò ní mú owó wá fún ẹnikẹ́ni títí ọdún díẹ̀, iyùn kò sì ní àsìkò láti dúró de wa. Ìgò àkọ́kọ́ tó jáde, Ìyá bu díẹ̀ níbẹ̀ fún Yemọja ní ojúbọ ilé wọn, wọ́n sì dárúkọ rẹ̀ bí a ṣe ń pè é nílé wa gan-an.

Owó iyùn

Ohun tí mo bá Ìyá jiyàn lé lórí pẹ́ jù nìyí. Wọ́n fẹ́ kọ ọ́ sára ìgò pé ìdá kan nínú èrè yóò lọ sọ́dọ̀ iyùn. Mo ní kí a má ṣe é. Ilé ìpọntí tuntun lè lo ọdún mẹ́ta kí ó má rí èrè kankan. Ìdá mẹ́wàá nínú òfo, òfo ni. Iye kan pàtó lórí ìgò kọ̀ọ̀kan ló dára, èrè wà o, èrè kò sí o.

Ibi tí iye náà ti jáde nìyí. Owó orí ìjọba àpapọ̀ lórí ọtí líle jẹ́ dọ́là 13.50 lórí gálọ́ọ̀nù kan tó jẹ́ 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Òfin tó di títí láé ní ìparí 2020 dín in kù sí dọ́là 2.70 fún ilé ìpọntí, títí dé gálọ́ọ̀nù 100,000 àkọ́kọ́ lọ́dún. Lórí ìgò 750 ml tó jẹ́ 43, ohun tí a ń san kò tó 50 sẹ́ǹtì, nígbà tí ì bá ti lé ní dọ́là 2. Èyí tí ìjọba fi sílẹ̀ fún wa lórí ìgò kan kọjá dọ́là 1.80. A fi ìyókù kún un, ó di dọ́là 2, òun la ń yọ sọ́tọ̀ ní ọjọ́ tí ìgò bá ti kúrò nílẹ̀. Àpò owó rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ilé iṣẹ́. Gbólóhùn tó wà lára ìgò kò ju iye yẹn lọ. A kò sọ pé ọtí wa ń gba òkun là.

Ọgbà iyùn abẹ́ omi ni owó náà wà fún. Mo ti wọ omi lọ wò ó pẹ̀lú àwọn tó ní àṣẹ, nítorí inú omi ààbò ìjọba ni Florida Keys láti 1990, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan iyùn lásán. Igi oníke ni wọ́n gbé dúró nínú omi, wọ́n dè é mọ́ ìsàlẹ̀, ohun tó ń léfòó wà lórí rẹ̀ kí ó má wó. Lára ẹ̀ka rẹ̀ ni wọ́n fi okùn ìpẹja so iyùn kéékèèké rọ̀, tí ìṣàn omi ń mì wọ́n. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án, wọ́n á gbé wọn lọ sórí àpáta, wọ́n á fi àtè epóksì lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà ni fífọ: ènìyàn ń di búrọ́ọ̀ṣì mú, ó ń họ ewé tó ń yọ̀ kúrò lára ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kí ewé má bo iyùn mọ́lẹ̀. Epo ọkọ̀ ojú omi, afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà, owó ọ̀yà ẹni tó ń họ ewé, ibẹ̀ ni owó ń lọ. Ewé yẹn kan náà ni gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ì bá máa bọ́ bí a bá jẹ́ kí ó dé òkun.

Ibi tí a dé

Ìkòkò ń ṣiṣẹ́, òkìtì ń jẹ omi rẹ̀ tán láàárín ìsè kan sí èkejì, owó àkọ́kọ́ sì ti lọ. Iṣẹ́ méjì ló kù. Pọ́ǹpù tó ń gbé gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí òkìtì ń dí nítorí ẹfun tó ń sílẹ̀. Mo ti bèèrè fún irú èyí tí wọ́n fi ń fa ẹrẹ̀. Èkejì ni òjò ìjì líle. Tí ìjì bá gbé òrùlé òkìtì lọ, gbogbo ohun tí a ti kó jọ yóò bá omi lọ sí Biscayne Bay láàárín wákàtí kan. Nítorí náà mò ń gbé etí kọnkéré náà ga sí i, mo sì ń ṣe ìbòrí oníke tó lágbára tí a lè fi okùn irin dè mọ́lẹ̀, kí ó tó di oṣù Kẹfà tí àsìkò ìjì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe irú ìbòrí bẹ́ẹ̀ fún àkìtàn oko rí, tó sì mọ bí ó ṣe yẹ kí okùn irin náà nípọn tó, kí ó jọ̀ọ́ sọ fún mi.